Fọ́tò Tó Ń Pe Èrò, Fọ́tò Tó Ń Pe Ayálégbé

Ẹni tó bá ti wá ilé ní Ìbàdàn rí á mọ irú fọ́tò tí mo fẹ́ sọ. Ajẹ́ńtì á dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, á gbé fóònù sókè, á yà á. Ìdajì fọ́tò náà á jẹ́ síílìn POP. Férémù ilẹ̀kùn á gba apá kan nínú ìdajì tó kù, ilẹ̀ tí èèyàn fẹ́ tẹ́ ẹní sí kò sì ní hàn rárá. Tó bá jẹ́ alẹ́ ló débẹ̀, iná fóònù á kọ mànà lára táìlì balùwẹ̀, ìdérí tọ́ílẹ́ẹ̀tì á wà ní ṣíṣí, korobá àwọn tó kun ọ̀dà á sì wà ní igun, ẹ ò ní mọ̀ bóyá òun náà wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ fi háyà. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ pé ilé náà mọ́ tónítóní, pé kí ẹ tètè pè kí ẹlòmíràn tó gbà á.

Mo mọ ìdí tí síílìn fi ń gba gbogbo àyè. POP lówó lórí, òun ló sì ń sọ fún aráyé pé ilé tuntun ni, pé onílé náwó sí i. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sùn sórí síílìn.

Èmi ni mò ń bójú tó ilé tí bàbá wa kọ́ sí ìhà Àkóbọ̀, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ní fúláàtì mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi wà lókè òkun, èmi ni mo wà nílé, nítorí náà ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà, ọrùn mi náà sì ni ẹjọ́ wà. Láti ìgbà tí a ti ń wá ayálégbé fúnra wa, tí mo sì ń fi fóònù mi ya ilé náà, ohun kan ti wá yé mi tí kò yé mi nígbà tí èmi náà ń gbé ilé onílé: fọ́tò ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán. Kí èèyàn tó béèrè bóyá ó dára, kó kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń bá ṣiṣẹ́.

Ẹ wo bí owó ṣe ń rìn. Ajẹ́ńtì ń gba kọmíṣọ̀n tí ayálégbé bá sanwó tán. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ọdún kan ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbà, owó àgírímẹ́ǹtì á tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn, iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kó tó dé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba owó inspection lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wá wo ilé, owó yẹn kì í sì í padà, yálà ilé tẹ́ onítọ̀hún lọ́rùn tàbí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí èèyàn mẹ́wàá bá rí fọ́tò, tí wọ́n sanwó, tí wọ́n wá, tí mẹ́sàn-án fi ìbínú padà lọ nítorí pé balùwẹ̀ ń jò, ajẹ́ńtì ti gba owó ẹni mẹ́wàá. Fọ́tò tó fi jíjò balùwẹ̀ pamọ́ kò kùnà lójú tirẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ tó gbé e fún un.

Lójú onílé, ọ̀tọ̀ ni ìṣirò. Àwọn mẹ́sàn-án yẹn ló da ayálégbé tó ṣì wà nínú ilé láàmú lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn náà ló ń lọ sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn pé irọ́ ni ilé tó wà ní ojúlé báyìí. Ohun tí onílé ń wá kò ju kí ẹnì kan wá, kó bá ohun tó ti rí nínú fọ́tò, kó sanwó, kó kẹ́rù dé. Mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi tó nílé pé fọ́tò tó dára ni èyí tó jẹ́ kí èèyàn mẹ́sàn-án jókòó sílé wọn. Wọ́n máa ń rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Mi ò sì sọ pé bákan náà ni gbogbo ajẹ́ńtì o. Mo mọ èyí tó ń fi ọ̀kadà ara rẹ̀ gbé oníbàárà kiri láìgba kọ́bọ̀ títí owó ilé á fi wọlé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í gba fọ́tò síílìn lọ́wọ́ yín, torí epo ọ̀kadà tirẹ̀ ló ń jó.

Ìtàn kan wà tí àwọn tó ń dáni lẹ́kọ̀ọ́ lórí òwò ilé fẹ́ràn láti máa sọ. Lọ́dún 2009, Airbnb, tí àwọn onílé fi ń háyà ilé fún àlejò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò tíì ju ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó fẹ́ kógbá sílé lọ, nǹkan bí 200 dọ́là ló ń wọlé fún wọn lọ́sẹ̀. Joe Gebbia àti Brian Chesky, méjì nínú àwọn mẹ́ta tó dá a sílẹ̀, wo àwọn ilé New York tí àwọn èèyàn gbé sórí rẹ̀, wọ́n rí i pé fọ́tò wọn burú. Wọ́n wọ bàálù lọ síbẹ̀, wọ́n háyà kámẹ́rà gidi, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé, wọ́n ń yà á fúnra wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, owó tó ń wọlé di ìlọ́po méjì.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n máa ń fà yọ níbẹ̀ ni pé fọ́tò tó rẹwà ń tajà. Èmi ò rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí. Airbnb kì í rí owó kankan àfi tí àlejò bá gba ilé, àlejò náà á sì kọ ohun tó bá níbẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé kà. Ẹni tó bá wà nírú ipò yẹn, kí ló fẹ́ fi irọ́ ṣe? Àti pé wọ́n wọ inú àwọn ilé náà. Ajẹ́ńtì tó gba fọ́tò lọ́wọ́ ajẹ́ńtì mìíràn tó gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn kò tíì tẹ ilẹ̀ ilé yẹn rí, òun náà kò mọ ibi tí kíṣìnì wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti iṣẹ́ gan-an wàyí. Ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ àkókò mi jù. Ìbàdàn kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, òkè orí ni oòrùn máa ń wà lọ́sàn-án gangan. Òrùlé ló ń jẹ ìmọ́lẹ̀ yẹn, kì í wọ yàrá. Ìta á mọ́lẹ̀ kọjá àlà, inú á ṣú, fóònù á sì yan ọ̀kan: yálà kó jẹ́ kí yàrá hàn kí fèrèsé di funfun báláú, tàbí kó jẹ́ kí ìta hàn kí yàrá di dúdú. Síbẹ̀, ọ̀sán gangan ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wá yà á, torí ìgbà yẹn ni ọwọ́ wọn dilẹ̀.

Láàárọ̀ kùtù, oòrùn á wọ yàrá tó kọjú sí ìlà-oòrùn dáadáa, ó sì máa ń wu èèyàn láti yà á nígbà yẹn. Ẹ má yà á. Irin bọ́gílárì wà lójú fèrèsé gbogbo wa, òjìji irin yẹn á tò sílẹ̀, á tò sára ògiri, yàrá á wá dà bíi ti ẹlẹ́wọ̀n. Ẹ jẹ́ kí oòrùn gòkè kúrò lójú fèrèsé, bí aago mẹ́wàá, nígbà tí ojú ọ̀run ṣì mọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí ìtànṣán kò wọlé tààrà mọ́. Yàrá tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn náà, àárọ̀ títí di kí ọ̀sán tó pọ́n ni tirẹ̀ dára, kí oòrùn tó yí wá bá a. Kíṣìnì ló máa ń ṣòro, torí fèrèsé kan ṣoṣo ni wọ́n sábà ń fún un, fèrèsé yẹn náà á sì kọjú sí fẹ́ǹsì. Èmi máa ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu, màá dúró sí ẹnu rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ máa ti ẹ̀yìn mi wọlé.

Ẹ pa gílóòbù. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń tan gbogbo iná ilé kí wọ́n tó yà á, ṣùgbọ́n gílóòbù tó pọ́n àti ojú ọ̀run tó funfun máa ń sọ ògiri kan di àwọ̀ méjì, ẹni tó ń wò ó á rò pé ògiri ti mumi. Ẹ pa iná fóònù náà. Kí ẹ sì nu ojú kámẹ́rà rẹ̀. Ìka tó mú dòdò ló ń kàn án lójoojúmọ́, òróró yẹn ló ń mú kí fọ́tò ṣe kùrukùru, tí ẹ óò máa bú fóònù.

Àsìkò ọdún náà ní tirẹ̀. Ọyẹ́ máa ń tan èèyàn: eruku inú afẹ́fẹ́ á mú kí oòrùn rọ̀, òjìji kò ní le, inú yàrá á rọrùn láti yà. Ṣùgbọ́n ẹ jáde síta kí ẹ rí i. Ojú ọ̀run á ti di eérú, nẹ́ẹ̀tì fèrèsé á ti pọ́n fún eruku, ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn á ti gbó lójú. Àárọ̀ ọjọ́ kejì òjò ni èmi fẹ́ràn. Òjò á ti fọ íńtálọ́ọ̀kì inú ọgbà, ewé á tutù yọ̀yọ̀, afẹ́fẹ́ á mọ́. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀ tí mi ò kọ́kọ́ rò. Tí síílìn bá máa jò, ó ti jò mọ́jú. Tí àmì bá wà, èmi ni màá kọ́kọ́ rí i, màá pe ẹni tó ń tún òrùlé ṣe kí n tó pe ẹni tó fẹ́ gbébẹ̀.

J.D. 'Okhai Ojeikere, ayafọ́tò ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn tí mo fi ń kọ́ ojú mi. Lọ́dún 1954, Ìbàdàn níbí ló ti ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ní Ministry of Information. Irun dídì ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Láti 1968 ló ti ń yà á, ọ̀pọ̀ ìgbà láti ẹ̀yìn orí, tí kò sí nǹkankan lẹ́yìn rẹ̀ ju àwọ̀ kan ṣoṣo lọ, tí ẹni tó ń wò ó kò ní ibòmíràn láti gbójú lọ. Mo fẹ́ kí fọ́tò ilé náà rí bẹ́ẹ̀, kí ọ̀kan sọ ohun kan. Èyí tó bá fẹ́ sọ ti yàrá, kó sọ ti yàrá. Kó má tún máa fi etí kan fi ilẹ̀kùn balùwẹ̀ hàn, kó fi etí kejì fi ìlẹ̀kẹ̀ kọ́tìnnì hàn.

Ohun tó yẹ kí fọ́tò yàrá sọ ni bí yàrá ṣe fẹ̀ tó, ilẹ̀ ló sì ń sọ ọ́. Táìlì onígun mẹ́rin tó jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà wọ́pọ̀ nínú ilé tuntun. Ti ilé bàbá wa, 40 ni. Bí ilẹ̀ bá hàn láti ògiri dé ògiri, ẹni tó jókòó sí Òṣogbo lè ka táìlì lójú fóònù rẹ̀. Mẹ́fà ti 60, tàbí mẹ́sàn-án ti 40, jẹ́ mítà 3.6. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà méjìlá sí méjìlá tí àwọn bíríkìlà wa ń kọ́ nìyẹn, bí ẹ bá fi díẹ̀ kún un. Ó ti mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀dì òun á wọlé, bóyá àyè á kù fún tábìlì tí ọmọ á ti máa ṣe iṣẹ́ iléèwé. Kò ní pè mí kó máa béèrè bóyá yàrá náà "tóbi", ìbéèrè tí kò sí onílé kankan tó máa fi rárá dáhùn.

Ìdí nìyí tí èmi àti lẹ́ńsì 0.5 kò fi rẹ́. Lẹ́ńsì yẹn ló ń kó gbogbo yàrá sínú fọ́tò kan, ó sì ń fa ẹ̀gbẹ́ fọ́tò gùn. Yàrá tí wọ́n ní láti fi ọgbọ́n gbé mátíràsì wọ̀ á fẹ̀ débi pé ẹ lè ṣe ìsọmọlórúkọ níbẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́n, igun ló ń wò: táìlì igun á ti gùn, kò ní dọ́gba bíi ti àárín mọ́. Balùwẹ̀ kékeré nìkan ni mo máa ń lò ó fún, torí kò sí àyè láti sún sẹ́yìn, màá sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé lẹ́ńsì fífẹ̀ ni mo lò. Fún yàrá, igun ni mo máa ń dúró sí, ẹ̀yìn mi á kan ògiri, fóònù á wà ní ọ̀gangan àyà mi, kò ní tẹ̀ síwájú, kò ní tẹ̀ sẹ́yìn. Fóònù tó tẹ̀ ló ń mú kí ògiri dà bí èyí tó fẹ́ wó. Kámẹ́rà fóònù yín ní àwọn ìlà tó ṣe é tàn sójú rẹ̀. Ẹ tàn án, kí ẹ fi ọ̀kan bá igun ògiri mu. Màá yà á ní ìbú fún Facebook, màá tún yà á ní òró fún Status WhatsApp. Ẹ má fi èyí tó wà ní ìbú sórí Status, ó máa ń kéré jù láti rí nǹkan.

Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, nítorí náà mi ò ní kí ẹnikẹ́ni ya ilé tó dọ̀tí kó sọ pé òótọ́ lòun ń sọ. Ẹ gbálẹ̀, ẹ gbọn jàǹkárìwọ̀, ẹ dé tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ẹ yọ ọṣẹ tó ti gbẹ kúrò lórí síńkì. Ẹ kó korobá jáde. Ìlànà kan ṣoṣo ni mo ní lórí ibi tó yẹ kí àtúnṣe dé: ohun tí mo bá lè fi ọwọ́ ara mi ṣe nínú yàrá náà, mo lè ṣe é, ohun tí fóònù nìkan lè ṣe, mi ò ní ṣe é. Mo lè gbé korobá kúrò. Mo lè fi ọ̀dà kun ògiri. Mo lè mú kí fọ́tò mọ́lẹ̀ sí i díẹ̀, torí fọ́tò fóònù sábà máa ń ṣú ju bí ojú èèyàn ṣe rí yàrá lọ. Ṣùgbọ́n ìka tó ń ra ojú fóònù kí ògiri tó sán lè pòórá, tàbí áàpù tó ń to àga síbi tí kò sí àga, ìyẹn ti di ilé mìíràn, ilé yẹn kò sì sí ní Àkóbọ̀.

Ibi tó gba sùúrù jù ni tí ayálégbé bá ṣì wà nínú ilé. Màmá kan gbé ìsàlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé ọmọ wọn ni wọ́n fẹ́ kó lọ. Mo pè wọ́n sílẹ̀ ṣáájú, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ wá ya fọ́tò ilé, ọjọ́ wo ló rọ̀ yín lọ́rùn?" Wọ́n ní ọjọ́ tí mo bá fẹ́. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti gbálẹ̀, wọ́n ti wọ ìró àti bùbá.

"Ṣé èmi náà máa wà nínú fọ́tò ni?"

"Rárá, Màmá, ilé nìkan ni."

"Ó dáa. Ọmọ bàbá onílé, má ya bẹ́ẹ̀dì mi o. Ẹni tó ń wá ilé, kí ló kàn án nínú aṣọ tí mo fi ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì?"

Wọ́n jàre. Mo yí padà, mo ya yàrá láti ibòmíràn. Àti bẹ́ẹ̀dì, àti kàlẹ́ńdà ìsìnkú tí ojú gbogbo ẹbí wà lára rẹ̀, àti ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ tí wọ́n fi kọ́ ògiri, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sí èyí tó yẹ kó dé orí íntánẹ́ẹ̀tì nínú wọn. Mo sì fi gbogbo fọ́tò náà hàn wọ́n kí n tó kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní kí n pa ọ̀kan rẹ́ torí bàtà ọkọ wọn tó ti dolóògbé hàn lẹ́nu ọ̀nà. Mo pa á rẹ́. Ó jẹ́ èyí tó dára jù nínú wọn.

Ẹ wá jẹ́ ká kúrò nínú yàrá. Àwọn fọ́tò tó ń fa ayálégbé gidi ni àwọn tí onílé kì í fẹ́ yà. Ọ̀nà, omi, iná, ìsàlẹ̀ ògiri.

Ọ̀nà lákọ̀ọ́kọ́. Ìbàdàn fẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé ilé tí wọ́n ní ó wà "lẹ́bàá títì" lè wà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí mọ́tò kékeré kò lè gùn nínú òjò. Èmi máa ń ya ọ̀nà láti ibi tí ọ̀dà títì parí sí títí dé géètì wa. Kò rẹwà. Kòtò wà níbẹ̀, àwọn onílé àdúgbò ti dáwó kún un rí, ó ti tún ṣí. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ á wò ó, á sì kọjá lọ, bí kò bá kọjá lọ lónìí, yóò kó jáde lẹ́yìn ọdún kan, èmi yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ògiri ìta, láti ilẹ̀ dé orúnkún, ní ìtàn tirẹ̀ nílùú yìí. Àwọn tó dàgbà rántí omíyalé odò Ògùnpa ti 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà yẹn rántí ti 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, tó gbé afárá lọ, tó sì pa ju ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ. Ará Ìbàdàn tó bá ń wá ilé nítòsí odò ń wá ìlà omi lára ògiri, ó sì ń fura sí ògiri tí wọ́n kun ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ní ọ̀dà dúdú. Fọ́tò ìta tó bẹ̀rẹ̀ láti orúnkún lọ sókè kò lè fi í lọ́kàn balẹ̀. Orí òkè ni ilé tiwa wà, nítorí náà ẹsẹ̀ ògiri ni mo máa ń fi síwájú nínú fọ́tò ìta. Ohun tí a ní ni kí a fi yangàn.

Iná ńkọ́? Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná Band A láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 fún kílówáàtì wákàtí kan, pẹ̀lú ìlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́, "Band A" ti di ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìpolówó ilé. Àwọn kan ń sáré lọ síbẹ̀, àwọn kan ń sá fún un, ẹ kàn sọ èyí tí ẹ jẹ́. Ohun tó ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ ni mítà. Ẹ ya ògiri tí mítà wà, kí ayálégbé rí i pé mẹ́rin ni fún fúláàtì mẹ́rin, pé kò ní máa bá aládùúgbò jà lórí ẹni tó ń lo fíríìjì. Ṣùgbọ́n ẹ bo nọ́ńbà rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ nọ́ńbà mítà sínú áàpù tí wọ́n fi ń ra iná lè rí orúkọ onílé àti àdírẹ́sì níbẹ̀.

Omi kì í ṣe ohun fọ́tò. Fídíò ló ń sọ ọ́: ẹ ṣí ẹ̀rọ omi fúláàtì òkè, níbi tí omi kì í ti í lágbára, kí ẹ jẹ́ kó máa dà fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ rìn láti ibẹ̀ lọ sí ìdí tánkì láìpa kámẹ́rà. Fídíò kan bẹ́ẹ̀ ti tó. Àwọn fídíò olórin tí wọ́n ń fi ń yí yàrá po, tí òòyì fi ń kọ́ni, mi ò mọ ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní London ló ń ṣàyẹ̀wò gbogbo rẹ̀ kí n tó gbé e síta, wọ́n sì le. "Níbo ni fọ́tò ọ̀nà wà?" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń sọ. Wọ́n ní lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, òfin ka fífi ohun pàtàkì pamọ́ mọ́ ẹ̀tàn, kì í ṣe irọ́ pípa nìkan. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti Nàìjíríà tó jẹ́ ti ọdún 2018 náà lòdì sí ìpolówó tó ń ṣini lọ́nà, ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ ìyẹn fún àwọn tó ń ya síílìn. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń rò ni àwọn èèyàn bíi tiwọn, tí wọ́n ń gba ilé fún ìyá tàbí àbúrò wọn láti òkè òkun, tí wọ́n ń fi fọ́tò nìkan pinnu, tí wọ́n sì ń fi owó ọdún kan ránṣẹ́ sí ẹni tí wọn kò rí rí.

Àwọn olè mọ ìyẹn. Wọ́n ń jí fọ́tò ilé onílé, wọ́n ń dín owó rẹ̀ kù, wọ́n ń gba owó inspection tàbí owó ilé gan-an, wọ́n á sì pa fóònù. Nítorí náà, mo ń kọ orúkọ àdúgbò àti nọ́ńbà wa sí àárín fọ́tò, kì í ṣe sí etí, torí etí rọrùn láti gé dànù. Ẹni tó ń wá ilé náà, kó fi Google Lens wá fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Bí ilé kan náà bá jáde ní Àkóbọ̀, ní Lẹ́kí àti ní Abẹ́òkúta, ó ti mọ ohun tó kàn. Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: fóònù lè tọ́jú ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò sínú fọ́tò náà. WhatsApp máa ń yọ ọ́ kúrò bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò, ó sì máa ń ba dídán rẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi document kó lè dán, àdírẹ́sì náà á bá a lọ. Fún ẹni tí mo ti bá sọ̀rọ̀, ìyẹn kò burú. Fún gbogbo ayé, mo máa ń pa location kámẹ́rà kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Tí ilé bá ti rí ẹni, ẹ yọ fọ́tò rẹ̀ kúrò níbi gbogbo lọ́jọ́ yẹn gan-an. Èyí tí àwọn kan ń fi sílẹ̀ kí èèyàn ṣáà lè máa pè, kí wọ́n lè sọ fún un pé "wọ́n ti gba ìyẹn, ṣùgbọ́n mo ní òmíràn," ìwà yẹn máa ń bí mi nínú. Ṣùgbọ́n ẹ má pa fọ́tò náà rẹ́ lórí fóònù yín. Mo máa ń tún gbogbo yàrá yà lọ́jọ́ tí mo bá gbé kọ́kọ́rọ́ fún ayálégbé, láìṣe ẹ̀ṣọ́ kankan, gbogbo súwìṣì, gbogbo táìlì tó sán, inú wọ́dúróòbù, màá sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ọjọ́ tó bá fẹ́ kó jáde, tí ọ̀rọ̀ owó caution bá dé, a ò ní máa bi ara wa ta ló fọ́ kini. Ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ báyìí fi tirẹ̀ ránṣẹ́ padà sí mi: ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù kan tí kò padé, tí èmi tí mo ní ilé kò rí. Kápẹ́ńtà ti lọ bá a wò ó.